Mósà Díndín Nínú Ilé: Ẹ̀kọ́ Kan fún Àwa tí a Fẹ́ Di Olùkọ́

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n." Ẹni tí wọ́n bá pa òwe yìí fún, ìbáwí ni wọ́n fi bá a wí, pé ó ń fi ojú rere wo ohun tí ń lọ sí ìparun. Ṣùgbọ́n ní ti ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n sọ nínú ìwé yìí, òdìkejì òwe náà ni ó jẹ́ òótọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ó ti rọ̀ lọ́wọ́, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò gbé sọ sí ààtàn, òun gan-an ni ẹni tí ó mọ̀ ń wá kiri ọjà, nítorí òun ni a fi ń din mósà tí ó dùn. A ó ṣe àlàyé bí a ti ń din ín nínú ilé, ìdí tí ó wà nídìí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bí a ti lè sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa, nítorí láti inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti wá.

BÍ Ẹ̀KỌ́ WA ṢE KÙNÀ

Ní sáà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, àwa mẹ́rin ni wọ́n yàn sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Láràárọ̀ ni a ń sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ CMS létí Màríńà, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá Ìdúmọ̀tà lọ sí ibi iṣẹ́ wa. Ní gbogbo ọ̀nà náà ni a ń rí àwọn ìyá tí wọ́n ti gbé agbada kaná láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n ń din àkàrà àti mósà fún àwọn tí ń lọ sí ibi iṣẹ́. A máa ń rà, a máa ń jẹ, a sì ń kọjá lọ. Kò sí ìgbà kan tí a dúró láti wo bí wọ́n ti ń ṣe é.

Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ lórí ìpanu tí a lè ṣe nínú ilé. A mú mósà, a wá ìwé kan, a da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ, a sì fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta kọ ọ́ sójú pátákó dáadáa. Nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹnìkan tí ó ti din mósà rí. A gbé àdògán sí àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, a kó àwọn ọmọ yí i ká, pẹ̀lú àlàfo láàrin wọn àti iná, a sì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí a kọ́kọ́ dà sínú òróró dúdú bí èédú lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a bù wọ́n, inú wọn ṣì jẹ́ àpòpọ̀ tútù. Ẹ̀rù bà wá, a gbé agbada kúrò lórí iná kí òróró lè rọlẹ̀. Àwọn tí a dà lẹ́yìn náà lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n mu òróró yó, wọ́n sì fọ́nká. Bí Yorùbá ti ń sọ nígbà tí àṣírí bá hàn ni ọ̀rọ̀ wa rí lọ́jọ́ náà: àkàrà tú sépo. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sókè, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn kò tíì pọ́n tó. Ẹ kò sì jẹ́ kí ó wú." A bi í pé báwo ni ó ti ṣe mọ̀. Kò dáhùn. Ọmọ mìíràn ni ó bá a dáhùn, ó ní, "Ìyá rẹ̀ ló ń din mósà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn!" Ẹ̀rín tún sọ. Ọmọ náà sì dorí kodò.

Nígbà náà ni a rántí ohun kan tí ó ká wa lára. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, àwa fúnra wa ni a ti kọ orúkọ iṣẹ́ mẹ́wàá sójú pátákó fún àwọn ọmọ yìí: dókítà, agbẹjọ́rò, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí wulẹ̀ sọ pé, "Ó ń ṣòwò," ó sì jókòó. Kò sí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí a kọ. Bí ojú bá tì í, àwa ni a kọ́ ọ ní ìtìjú náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ti ṣe bí ẹni pé ọgbọ́n kò sí níbòmíràn àfi nínú ìwé tí a gbé lọ́wọ́.

OHUN TÍ ÌYÁ NÁÀ KỌ́ WA

Ní ọjọ́ Sátidé a lọ kí ìyá ọmọ náà. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sì sọ ohun tí ó gbé wa wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jókòó. Ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ lọ fọ ọwọ́ yín." Ohun tí ó kọ́ wa nìyí, gẹ́gẹ́ bí a ti wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, tí a sì ti dán an wò nígbà púpọ̀.

Àwọn ohun tí a ó wá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà 4 tí ó ti pọ́n kọjá àlà; ìyẹ̀fun àlìkámà, ife ìmutíì 1; ìwúkàrà gbígbẹ, ṣíbí ìmutíì 2; omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìdá mẹ́rin ife 1; iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmutíì; ata gígún díẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ; àti òróró ẹ̀pà tí yóò ga tó íńṣì 2 sí 3 nínú agbada, ṣùgbọ́n tí kò ní kọjá ìdajì agbada náà. Ṣúgà kò pọn dandan. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ́n dáadáa, adùn ara rẹ̀ tó.

Èkíní, a ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ọmọ odó gún un tàbí kí a fi ọwọ́ tí ó mọ́ fọ́ ọ títí tí kò fi ní kókó mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó bá ti ní ìbú funfun tàbí tí ó bá ń rùn, odindi rẹ̀ ni a ó gbé sọnù. Dúdú èèpo kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ìbú kì í ṣe pípọ́n.

Èkejì, a ó da ìwúkàrà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀, a ó sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá hó, ó wà láàyè. Bí kò bá hó, ó ti kú, kí a má wulẹ̀ fi ìyẹ̀fun ṣòfò lé e lórí.

Ẹ̀kẹta, a ó pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó fi ìgbákọ lù ú dáadáa. Kí ó má ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, kí ó má sì le bí iyán. Bí a bá bù ú sókè, kí ó já bọ́ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó má dà. Ìyẹ̀fun púpọ̀ a máa sọ mósà di líle, a sì máa bo adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, a ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, a ó sì gbé e sí ibi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 30 sí 45, títí tí yóò fi wú, tí ihò wẹ́wẹ́ yóò sì hàn lójú rẹ̀. Èyí ni ohun tí àwa kò ṣe, nítorí agogo ẹ̀kọ́ fẹ́ lù.

Ẹ̀karùn-ún, a ó gbé òróró kaná tí kò le jù. Kí a tó da púpọ̀ sí i, a ó dá ẹ̀kán kékeré wò. Bí ó bá dúró sí ìsàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Bí ó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ó ti gbóná jù. Bí ó bá rì díẹ̀, tí ó sì yára léfòó, tí ìfóòfó wẹ́wẹ́ yí i ká, òróró ti tó. Ẹni tí ó bá ní ohun ìwọn-ooru yóò rí i pé ó tó ìwọ̀n 175 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ̀kẹfà, a ó máa fi ṣíbí bù ú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan láti etí agbada, kí a má jù ú láti òkè. Kí a má kún agbada, nítorí àpòpọ̀ tútù púpọ̀ a máa mú òróró tutù. Ní ìṣẹ́jú 3 sí 4, tí a bá ń yí i padà, yóò pọ́n bí wúrà. A ó fi ṣíbí oníhò kó o sínú asẹ́ kí òróró lè ro. Ẹ má ṣe kó o sórí ìwé ìròyìn, nítorí yíǹkì rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Ìwọ̀n yìí yóò fún wa ní mósà kékeré bíi 40.

Bí ìyá náà ti ń din ín ni ó ń sọ pé, "Ẹ̀sọ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ mi." Àwa náà sì rántí òwe pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

ÌDÍ TÍ Ó FI RÍ BẸ́Ẹ̀

Olùkọ́ tí ó mọ bí a ti ń ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí rẹ̀, ìdajì ni ó mọ̀. Nítorí náà, a wádìí àwọn ìdí.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kún fún ìyẹ̀fun ara rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú iṣu àti gbágùúdá. Bí ó ti ń pọ́n ni ìyẹ̀fun yìí ń di ṣúgà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò fi dùn lẹ́nu, tí èyí tí ó pọ́n jù fi dùn bí oyin. Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́: nígbà tí a bá ní "ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú," èyí tí kò tíì pọ́n ni Yorùbá ń wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ewé ni ó ní, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pọ́n jù ni èèpo rẹ̀ dúdú ní tòótọ́. Ọmọ tí ó bá béèrè, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ìwúkàrà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn láàrin ọdún 1857 sí 1860 pé ohun ẹlẹ́mìí báyìí ni ó ń mú nǹkan kan. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń fẹ mósà. Omi tí ó gbóná jù yóò pa á, omi tútù yóò sì mú un lọ́ra. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa nínú páálí, nítorí ó wà nínú ẹmu ọ̀pẹ tí ń hó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884: "ìwúkàrà," èyíinì ni ohun tí ń mú àkàrà wú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ agbada kò lè mọ adùn ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Olúwa wa sì fẹ́ fi ìjọba ọ̀run wé nǹkan, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tí ń po ìyẹ̀fun ni ó mú ṣe ọ̀kan nínú àwọn òwe rẹ̀, kò sì ka iṣẹ́ náà sí ohun kékeré.

Ní ti òróró, omi tí ó wà nínú àpòpọ̀ ni ó ń di oruku gbígbóná nígbà tí ó bá kan òróró. Ìfóòfó tí a ń rí ni. Bí oru náà ti ń tì jáde ni kò jẹ́ kí òróró ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n bí òróró bá tutù, oru kò ní lágbára, òróró yóò sì wọ inú mósà lọ. Bí ó bá sì gbóná jù, ara yóò jóná kí inú tó jinná. Àṣìṣe wa méjèèjì ní àgbàlá nìyí.

EWU TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Àwa kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìkọ́kọ́ kọ́ èyí. Ẹ̀kán omi kan bọ́ láti ọwọ́ ọ̀kan nínú wa sínú agbada lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òróró sì ta sókè. A dúpẹ́ pé kò kan ọmọ kankan. Omi a máa di oru ní ìwọ̀n 100, òróró sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Oru náà a sì máa gba àyè tí ó ju ti omi lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a kò gbọdọ̀ da omi sórí òróró tí ó gbaná láé. Kí a pa iná tí ó wà nísàlẹ̀ bí a bá lè ṣe é láìfarapa, kí a fi ìdérí dé agbada, kí a má sì gbé e rìn.

Bí òróró bá jó ẹnìkan, kí a bọ́ òrùka tàbí aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, kí a fi ojú rẹ̀ sábẹ́ omi tútù tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí a má fi òróró, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí yìnyín kùn ún. Kí ọmọ kékeré má ṣe wà nítòsí agbada, kí ọwọ́ ìkòkò má sì yọ síta.

MÓSÀ ÀTI AYÉ

Ọmọ lè rò pé ohun tí a ń jẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan ni ó mọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣí àwòrán ilẹ̀ ayé sílẹ̀ fún un. Ní Freetown, níbi tí ẹgbẹ́ CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní 1827, tí Àjàyí Crowther sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn ń din ohun kan tí wọ́n ń pè ní àkàrà títí di òní; ìyẹ̀fun ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n àti ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti ìlú náà ni àwọn Saró ti padà wá sí Èkó tí wọ́n tẹ̀dó sí Olówógbówó.

Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn ọmọ àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú ń din àkàrà ẹ̀wà nínú epo pupa, wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ní 2005 ìjọba ilẹ̀ náà kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń din ín sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ ronú sí i: ohun tí ọmọ kan ní kíláàsì wa ń tijú láti dárúkọ ni orílẹ̀-èdè mìíràn fi ṣe ogún.

Ní Indonesia, oúnjẹ ìpanu tí ó gbajúmọ̀ létí títì àti nínú ilé ni pisang goreng. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín" lọ. Agbègbè ayé náà, títí dé erékùṣù New Guinea, ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bó àgbagbà, a di ìbátan àwọn tí a kò rí rí mú lọ́wọ́.

BÍ A TI LÈ KỌ́ Ọ NÍ KÍLÁÀSÌ

Mósà kan ṣoṣo lè gbé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣirò wà nínú rẹ̀: bí ìyá kan bá ná ₦6,000, tí ó din mósà 120, tí ó sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦80, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦3,600. Bí ó bá fi wákàtí 6 ṣe é, ₦600 ni wákàtí kan. Bí 10 bá sì jóná, èrè yóò dín ní ₦800. Ọmọ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí yóò mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ kì í fi fi ọ̀ràn iná agbada ṣeré. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé àti èdè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Èdè abínibí ni kí a sì fi kọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ẹni tí a bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1923, tí ó sì kàwé ní CMS Grammar School, wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá kan ní agbègbè Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, tí a sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Nígbà tí àwa náà fi Yorùbá bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí mósà fi ń wú, ọwọ́ tí ó nà sókè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbà pé kí a tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ìyá náà wá, ó wọ aṣọ tí ó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo kíláàsì sì dìde kí i. Òun ni ó din mósà. Àwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ń sọ ìdí. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sójú pátákó. Nígbà tí a parí, a tún kọ orúkọ iṣẹ́ mẹ́wàá ọjọ́sí, a sì bi wọ́n pé kí ni ó kù. Ọmọbìnrin náà kò dúró kí a pe òun. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ ìkọkànlá sísàlẹ̀ wọn: "Adínmósà."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó dúró níwájú àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí a fẹ́ kọ́ wọn, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò ka ìwé rí. Àìmọ̀ olùkọ́ kì í bà á jẹ́ bí ó bá lè kúnlẹ̀ kọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù àti èyí tí ó bàjẹ́?
2. Kí ni ó ń mú mósà wú? Kí ni ìdí tí a kì í fi omi gbígbóná po ìwúkàrà?
3. Báwo ni a ti lè mọ̀ pé òróró ti tó láìlo ohun ìwọn-ooru?
4. Òróró gbaná nínú agbada. Kí ni ìwọ yóò ṣe? Kí ni ìwọ kò gbọdọ̀ ṣe?
5. Iṣẹ́ wo ni ìyá tàbí bàbá rẹ ń ṣe? Sọ ohun kan tí ó mọ̀ tí olùkọ́ rẹ kò mọ̀.